Ọbẹ̀ Elégédé Nínú Ilé Tí Wọn Kì Í Jata

Nílé tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọn kì í jata. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi ata ṣe èèwọ̀ fún wọn o. Ìyá ilé ló ṣàìsàn inú, tí dókítà sọ pé ata kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ni bàbá bá ní kò sí bí òun ṣe máa jókòó ti ìyàwó òun kí òun máa jẹ ohun tó ta sánsán níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ní bí òun náà ṣe rò ó nìyẹn. Wọ́n da ata tútù nù, wọ́n kó ata gbígbẹ fún aládùúgbò, wọ́n sì ń jẹ ohun tí aláìsàn ń jẹ: ìrẹsì funfun, ọ̀dùnkún bíbọ̀, ẹja tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ sè. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí ìyá wá kú, tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn àlejò lọ tán, ọ̀dùnkún bíbọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún jókòó tì. Bàbá kò wí nǹkan kan. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan.

Ọmọbìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe jígí ojú, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Oníjígí. Òun ló ń wọn ojú èèyàn, tó ń gé gíláàsì bá a mu, tó sì ń tún apá jígí ṣe títí yóò fi jókòó dáadáa létí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Kì í bú oníbàárà, kì í sì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, omi kò jáde lójú rẹ̀. Àwọn ẹbí wò ó títí, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọkàn rẹ̀ kò le rárá, ó kú ni, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́ jù. Ó ń dúró kó jí. Kò jí. Nígbà tó yá, kò dúró dè é mọ́.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọkùnrin kan fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ó ní kúùkù lòun nínú ọkọ̀ òkun, pé òun ti ń sè fún àwọn atukọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n òun ò tíì hù, ṣùgbọ́n ojú ti wá ń dójú ti òun. Lójú omi lọ́hùn-ún, òun rò pé ṣúgà lòun bù sínú tíì ọ̀gákọ̀, iyọ̀ ni. Oníjígí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó, kó máa wo ibi tí imú òun ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, kó má sì mira. Ó gbé rúlà sí i níwájú. Ẹni tó bá ti ṣe jígí rí á mọ̀ pé ojúkojú ni wọ́n máa ń wo ara wọn lásìkò yìí, kò síbi téèyàn lè sá sí. Kúùkù wò ó títí, ó wá ní, "Ṣé ara yín le báyìí?" Oníjígí ní òun wà dáadáa, ó ní kó padà wá gba jígí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Kò pẹ́ tó tún fi dé, ó ní apá ọ̀tún ń fún òun létí. Ó tún dé, apá òsì ti tẹ̀. Oníjígí mọ̀ pé ọwọ́ ló ń fi tẹ̀ ẹ́, nítorí irin kì í dédé tẹ̀ níbi tí tirẹ̀ ti ń tẹ̀ yẹn, àmọ́ kò sọ ọ́ jáde. Ó ń fi iná rọ̀ ọ́, ó ń tún un ṣe, ó ń fi í bọ̀ ọ́ létí padà. Ìgbà tí jígí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kán pátápátá ni Kúùkù tó jẹ́wọ́. Ó ní òun ò ní jígí méjì, kí Oníjígí jọ̀ọ́ wá jẹun lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Ìsinmi, kí òun lè sinmi jígí títẹ̀. Oníjígí ní ó dáa. Nígbà yẹn, ohun yòówù tí wọ́n bá sọ fún un, ó dáa náà ni.

Yàrá kan ṣoṣo ni Kúùkù gbà nítòsí èbúté, ìdáná rẹ̀ kò sì gba èèyàn méjì dáadáa. Ó fi àlejò rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń sọ ohun tó ń ṣe bó ti ń ṣe é. Ọbẹ̀ àwọn ará Táílándì ni. Ará Táílándì kan tí wọ́n jọ sè nínú ọkọ̀ kan náà ló kọ́ ọ. Ó la elégédé sí méjì, ó yọ kóró inú rẹ̀, ó fi òróró pa á lára, ó tì í sínú ààrò títí etí rẹ̀ fi dúdú díẹ̀. Ó gún ata pupa, aáyù, atalẹ̀, àlùbọ́sà àti koríko ọba tó ń rùn bí ọsàn nínú odó kékeré, ó dín in títí ológbò aládùúgbò fi bẹ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé, tó sá lọ. Ó ti rin àgbọn, ó ti fún omi rẹ̀. Ó da omi náà sí i, ó kó elégédé lé e, ó lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí ó fi kúnná. Lẹ́yìn náà ló wá kán omi ẹja oníyọ̀ sí i látinú ìgò, tó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Oníjígí fẹ́ sọ pé wọn kì í jata nílé àwọn. Ó rò ó pé àlàyé rẹ̀ yóò gùn, ó sì bu ṣíbí kan sẹ́nu.

Ó kọ́kọ́ dùn bí oúnjẹ ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ata gbé e. Ó ta á ní ahọ́n, ó ta á lọ́fun, ó ta á dé etí. Imú rẹ̀ ń ṣomi, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀rù ba Kúùkù, ó ní kí òun wá búrẹ́dì fún un. Oníjígí mi orí, ó ń bá a lọ. Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán, ó na abọ́ fún òmíràn. Kúùkù rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Lójú ọ̀nà ilé, Oníjígí ń fọwọ́ kan ètè rẹ̀ wò, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin yìí ni tàbí ata. Nígbà tó fi máa délé, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bàbá ti bọ ọ̀dùnkún dè é.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí ara wọn títí ọdún fi yí po. Kúùkù kò wọkọ̀ ní gbogbo àkókò náà, ilé oúnjẹ kan létí èbúté ló ń bá sè. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń rìn létí omi, ó ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Ọkàn Oníjígí kò lù kìkì. Ó dúró de ọkàn náà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ṣé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó nìyí? Ọkùnrin dáadáa ni. Kì í parọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbóná. Ó tú gbogbo inú ara rẹ̀ wò láti rí ohun tó máa fi dá a lóhùn, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní kó lọ bá bàbá òun sọ ọ́.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ṣe alárinà, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Ojúlé nítorí pé kò sí ojúlé tí kì í yà. Obìnrin yìí lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta dáhùn. Ó lọ sí yàrá Kúùkù, ó wo ìdí ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, ó padà wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọkùnrin tó lè fọ ìdí ìkòkò báyẹn kò ní fìyà jẹ obìnrin. Bàbá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní òun kò gbà, kì í sì í ṣe tìtorí pé ó jẹ́ kúùkù.

"Ojú omi ni ilé irú wọn," ó wí. "Ó wà lónìí, ó lọ lọ́la. Mo jókòó ti ìyàwó mi títí ó fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ. Mo mọ bó ṣe ń rí."

Àǹtí Ojúlé yíjú sí Oníjígí pé kó sọ̀rọ̀. Bàbá náà yíjú sí i. Ó ní, "Ó dáa, bàbá," ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Bó ṣe máa ń sọ iye owó jígí fún oníbàárà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́ fún Kúùkù pé bàbá òun ní rárá. Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ náà ni wọ́n wà, Kúùkù ń ha ìpẹ́ ẹja. Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Mo ti gbọ́ ti bàbá," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?" Oníjígí ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ sí i. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ, kò fi dá ọkùnrin náà lóró, àmọ́ wọ́n ti gbá àwọn mìíràn létí tí kò dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kúùkù fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ nídìí omi.

"Mo lè bẹ bàbá rẹ títí ẹsẹ̀ mi fi máa wú," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n èmi nìkan ò lè fẹ́ ara mi."

Ó ní òun máa padà sójú omi. Oníjígí ní ó dáa, ó gba ibi iṣẹ́ lọ, ó gé gíláàsì títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù láìṣe àṣìṣe kankan.

Oṣù kan lọ, òmíràn ń tẹ̀ lé e. Ó ń jí, ó ń wọn ojú, ó ń jẹ ọ̀dùnkún, ó ń sùn. Kò ṣàìsàn, kò rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Àǹtí Ojúlé já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ní òun wá wọn ojú. Ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ nílé ẹlòmíràn, á rí i. Ó ní Kúùkù ti ń di ẹrù, pé ọkọ̀ tó ń wá alásè ti gúnlẹ̀. Ó ní ṣé Oníjígí á wá jókòó bẹ́ẹ̀ bí ère títí ọkọ̀ á fi gbéra ni. "Dá mi lóhùn, jàre. Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ àbí o ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Àtìgbà tí màmá mi ti kú ni. Mo ń wo gbogbo nǹkan bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá."

Àǹtí Ojúlé sún àga mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bi í pé kí lohun tó mọ̀ lára kẹ́yìn. Oníjígí rò ó lọ, rò ó bọ̀, ó ní ọbẹ̀ elégédé kan báyìí ni, ó ta òun lẹ́nu gan-an. Àǹtí ní ṣé ó mọ̀ ọ́n sè. Ó ní òun rí bí wọ́n ṣe sè é. "Kí lo wá ń wọ̀n lójú àwọn èèyàn níbí?" ni Àǹtí wí. "Lọ sè é."

Ló bá lọ sè é. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ra elégédé kan tó wúwo, ó gba àgbọn, ó dé ọ̀dọ̀ aláta. Aláta ní ẹ̀yọ mélòó, kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ra ata kẹ́yìn débi pé ó kàn na àpò rẹ̀ sí i, aláta sì bu ata kún un. Nílé, ilẹ̀kùn ààrò kò tì dáadáa mọ́, ó fi àga tì í. Ẹ̀rọ ìlọta ti di ilé aláǹtakùn, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka ha irin níbi tó ti ń rin àgbọn, ìka náà bó díẹ̀, ó wò ó, ó ń rin ín lọ. Ẹni tó ń fi rúlà ṣiṣẹ́ ni, Kúùkù kò sì wọn nǹkan kan rí lójú rẹ̀, nítorí náà kò mọ bí ata ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Ó lọ gbogbo ata náà. Kó tó dín in, ó bu elégédé àti omi àgbọn díẹ̀ sínú ìkòkò kékeré kan, ó fi iyọ̀ sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún bàbá.

Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Bí ata ṣe kan òróró gbígbóná, gbogbo ilé gbà á. Bàbá sín ní pálọ̀, ó tún sín, ó sì jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó béèrè ohun tó ń sè. Oníjígí ní ọbẹ̀ elégédé ni. Bàbá ní ta ló ni ín.

"Èmi ni. Tiyín wà nínú ìkòkò kékeré yẹn, bàbá. Kò sí ata níbẹ̀."

Bàbá wo ìkòkò kékeré. Ó wo ìkòkò ńlá. "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò jata?"

Oníjígí gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní bàbá fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí màmá ń ṣàìsàn. Bàbá ní ti màmá nìyẹn, màmá sì ti lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn àlejò kúrò nílé, Oníjígí lọ bọ ọ̀dùnkún, kò bu ata sí i, òun sì rò pé bó ṣe fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ nìyẹn, òun ní kí òun má dá kún ọgbẹ́ ọmọ. Oníjígí ní òun bọ ọ̀dùnkún yẹn bẹ́ẹ̀ kí bàbá má bàa rò pé òun ti tètè gbàgbé màmá ni. Bàbá ní, "Àṣé ìwọ náà ò fẹ́ràn ọ̀dùnkún yìí." Ó wá wo ilẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń ta dáráfù, ẹja díndín aláta lòun máa ń jẹ, òun á fọ ẹnu kí òun tó wọlé.

Nǹkan kan gòkè nínú àyà Oníjígí. Ó kọ́kọ́ rò pé èéfín ata ni. Inú ló ń bí i.

"Ẹ̀ ń jata níta," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè. "Ẹ̀ ń jata níta, ẹ wá jẹ́ kí èmi nìkan máa jẹ ọ̀dùnkún nílé! Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnu yín di ni?" Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ọsàn wẹ́wẹ́ yí bọ́ sílẹ̀.

Bàbá ranjú mọ́ ọn. Kò gbọ́ ohùn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Oníjígí kò bá a rín in. Bàbá fa àga, ó bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, ó lá a. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, kò sì dá ṣíbí dúró. Ìgbà tó ṣẹ́kù díẹ̀ ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ̀ fún Kúùkù, òun ń retí kí Oníjígí bá òun jà ni. Ìyá rẹ̀ ni, ì bá ti da omi lé òun lórí. Nígbà tí Oníjígí wá ní ó dáa, òun rò pé kò fẹ́ ọkùnrin náà, pé ara ti tù ú. Oníjígí ní òun gbà nítorí òun ò fẹ́ kí bàbá dá wà.

"Mo ṣì ń dá wà náà," ni bàbá wí. "Àwa méjèèjì la jọ ń dá wà nínú ilé kan náà. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ara mi ò tíì jí tán, bàbá. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó lọ."

"Kí lo wá dúró ṣe?"

Ó bá Kúùkù níbi tó ti ń so àpò rẹ̀ lẹ́nu. Ata ṣì wà lọ́wọ́ Oníjígí, aṣọ ìdáná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò rántí bọ́ ọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ti ìyá rẹ̀, ti ọ̀dùnkún, ti ara tó kú mọ́ ọn lára, àti ti bàbá tó ń fọ ẹnu kó tó wọlé. Kúùkù rọra jókòó sórí ibùsùn. Ó ní àná lòun fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń lọ, ó sì di ìgbà òjò tó ń bọ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn èèyàn ti gbára lé òun, òun ò lè sá. "Ká ní o wá lánàá," ó wí, kò parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oníjígí lára. Ó wọ̀ ọ́ láyà gan-an, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

"Lọ, tó o bá ti fọwọ́ sí i," ó wí. "Màá fẹ́ ẹ tó o bá dé. Ṣùgbọ́n kí o má rò pé mo gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò dáa. Inú ń bí mi sí ẹ, inú ń bí mi sí bàbá mi, inú ń bí mi sí ọkọ̀ yẹn."

Kúùkù bọ́ jígí rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa bínú sí òun. Oníjígí ní ọ̀la ló máa rí ìbínú. Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àǹtí Ojúlé ti wà níbẹ̀, ó ń lá ìdí ìkòkò, ó ní ata náà ti pọ̀ jù àti pé kí wọ́n bu sí i fún òun. Bàbá fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ Kúùkù, ó ṣàdúrà fún wọn, ó sì kìlọ̀ fún ọkùnrin náà pé kó yáa padà wá.

Láàárọ̀, ọkọ̀ gbéra. Oníjígí dúró létí omi, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì jìnnà rárá tí ẹkún fi dé. Ó sunkún sókè, lójú àwọn alágbàrù àti àwọn tó wá sin èèyàn wọn, kò sì bo ojú rẹ̀. Ó sunkún ìyá rẹ̀, ó sunkún ọkùnrin tó ń lọ, kò sì mọ èwo ni ti ta mọ́. Béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran: ó ń rí Kúùkù lókè ọkọ̀, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì sí i, títí kò fi lè dá a mọ̀ mọ́ láàárín àwọn yòókù.

"Ohun tí mo sọ fún ẹ nìyí," ni bàbá wí.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ṣé ó dùn ẹ́ púpọ̀?"

"Púpọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni bàbá wí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.